Ẹni Tó Wà Nínú Ráńdábáòtù Ló Ni Ọ̀nà

Tómilọ́lá dá odó iyán náà dùbúlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé àárín àgbàlá. Ó gbé e nàró síbẹ̀, ó sún sẹ́yìn wò ó bóyá ó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ó tún fi orúnkún tì í díẹ̀ sí apá òsì. Lẹ́yìn náà ló bu eérú sínú agolo, ó fi fa ìlà róbótó yí odó náà ká. Ó fa èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá la ọ̀nà mẹ́rin wọ inú rẹ̀: ọ̀kan láti ibi ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ, ọ̀kan láti ẹnu géètì, ọ̀kan láti ìdí igi ọsàn.

Ìyá Nehemiah yọ sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ iṣu lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi, ṣé ibẹ̀ yẹn la ó ti gún iyán lónìí ni?”

“Rárá o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, odó yín ti di ráńdábáòtù.”

“Ó ti di kí ni?”

“Oríta tí àwọn ọkọ̀ máa ń yí po, Mà, kí kálukú tó yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Irú èyí tó wà ní Òṣogbo.”

Ìyá náà wo odó, ó wo eérú, ó wo Nehemiah ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ, tó di bárò tí wọ́n fi ń kó kòkó mú bí ẹni pé bárò náà fẹ́ sá lọ. Ó mi orí.

“Kó tètè padà di odó o. Ní Ìpetu níbí, ẹni tó bá ní ká má jẹ iyán lọ́sàn-án, àfi kó múra ẹjọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tómilọ́lá mọ̀ pé kì í ṣe eré lòun wá ṣe. Bàbá òun ti là á mọ́lẹ̀: bí Nehemiah Ògúnjìnmí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gba ráńdábáòtù kọjá, kò ní fẹ́ ọmọ Béjidé Láńrewájú.

*

Ilé epo kan ní Iléṣà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ní àsìkò tí epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni Tómilọ́lá ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tò lọ bí ìjàlọ. Ọkùnrin kan tó jókòó sínú pikọ́ọ̀pù tó kún fún àpò kòkó ṣẹ́wọ́ sí i pé kó bọ́ síwájú òun. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹ́wọ́ sí bàbá arúgbó kan. Ó ṣẹ́wọ́ sí aláboyún. Ó ṣẹ́wọ́ sí ọkùnrin kan tó ní òun ń kánjú lọ síbi ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni olúwarẹ̀ ń rín. Nígbà tó fi máa kan onípikọ́ọ̀pù, epo tán.

Tómilọ́lá rìn padà lọ bá a. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú kò bí yín ni?”

“Kí ni inú ó ṣe bí mi sí? Ṣebí ẹ̀yin rí epo rà.”

Ẹ̀rín pa Tómilọ́lá títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé Nehemiah délé ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ó ti mọ orúkọ gbogbo ewúrẹ́ ilé wọn. Ó ti bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi ìgúnpá gba ọ̀nà pàdé rí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èyí rọ̀ ọ́ lọ́kàn bí iyán tí ó gún dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹja aládùn náà kò ṣàìní egungun. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó ni Tómilọ́lá rí egungun ọ̀hún. Nígbàkígbà tó bá béèrè pé ìgbà wo ni àwọn ará Ìpetu yóò wá mọ ilé àwọn, Nehemiah á fọwọ́ họrí.

“Bùọ̀dá Ọlọ́runyọmí ò tíì gbéyàwó, Tómi. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò yẹ kí n ṣíwájú wọn.”

“Ṣé wọ́n ní kí o dúró ni?”

“Wọn ò sọ. Ṣùgbọ́n èèyàn á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.”

Báyìí ni ọdún yí po. Kàósárà, ọ̀rẹ́ Tómilọ́lá láti kékeré, tó ń ta òkìrìkà ní Alékùwọ́dò, òun ni alárenà wọn, kò sì fi ẹnu rẹ̀ pamọ́.

“Wàláhì, ọkọ rẹ dára jù. Èèyàn tó dára tó báyìí, bí ẹ bá lọ́mọ, yóò ní kí ọmọ ará ilé kejì kọ́kọ́ lọ sí sukúù ná.”

Tómilọ́lá bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a dé orí ibùsùn. Ṣé òun ni yóò máa jókòó sínú ọkọ̀ títí ayé, tí ọkọ òun yóò máa ṣẹ́wọ́ sí gbogbo ayé pé kí wọ́n kọjá?

*

Kàósárà ló tì wọ́n títí Nehemiah fi gbà láti wá kí Bàbá Béjidé lásán, láìtíì sọ ti mọ̀lẹ́bí. Ó kó agbọ̀n obì tútù ńlá kan sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, obì láti inú oko baba rẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà. Tómilọ́lá àti Kàósárà bá a jókòó síwájú. Wọ́n dé Òṣogbo, wọ́n wọ ráńdábáòtù kan tó kún bí ọjà, wọ́n sì ti yí i dé ìdajì nígbà tí Tómilọ́lá pariwo.

“Ẹ wò ó, bàbá mi nìyẹn!”

Bàbá Béjidé ni lóòótọ́, nínú Pijó 504 rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó ń ti ọjà bọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó wọ ráńdábáòtù náà, ó ń dúró de àwọn tó wà nínú, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ó ṣe.

Nehemiah tẹ bíréèkì. Àárín ráńdábáòtù ló dúró sí, gbọnrangandan. Ó yọ fìlà, ó tẹrí ba lórí sítíárìn, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síta: ẹ máa bọ̀, sà.

Bàbá Béjidé kò mira. Ó ṣẹ́wọ́ pé kí ó máa lọ.

Nehemiah tún tẹrí ba. “Háà, n ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kọjá, sà!”

“Nehemiah, máa lọ!” Tómilọ́lá gbá a léjìká. “Ìwọ lo wà nínú! Ìwọ lọ̀nà kàn!”

“Bàbá ẹ nìyẹn, Tómi! Ṣé kí n kọjá níwájú bàbá ẹ bí ẹran?”

Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn wọn bí ìgbà tí ẹgbẹ́ onífèrè bá ń múra ọdún. Ọlọ́kadà kan bú ìyá wọn, òmíràn bú baba. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó sáré bọ̀ kò tètè rí i pé ọkọ̀ iwájú ti dúró. Ó dún gbàà! Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n agbọ̀n obì dojú dé. Obì pupa, obì funfun, wọ́n yí gbirigbiri kárí ráńdábáòtù. Táyà ń la èyí tó là, àwọn èèyàn ń ṣa èyí tí wọ́n rí.

“Sùbúhánálláhì,” ni Kàósárà wí. “A ti pín obì àna kó tó délé àna.”

Bàbá Béjidé sọ̀ kalẹ̀ nínú Pijó rẹ̀, ó rọra rìn wá, ó sì wo Nehemiah láti orí dé ẹsẹ̀. Nehemiah ti dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà.

“Dìde. Ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà?”

*

Nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí Nehemiah ti lọ tìtìjú-tìtìjú, Bàbá Béjidé jókòó sórí àga onígi rẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ Òṣogbo ní ayé ìgbà tí òkìkí rélùwéè ṣì ń kàn.

“Tómi, ọmọ dáadáa ni. N ò rí irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀ rí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n n ò ní fún un lọ́mọ.”

“Bàbá! Nítorí ó bọ̀wọ̀ fún yín?”

“Jókòó. Ojú irin ẹyọ kan péré ló wà láàárín ibùdókọ̀ wa àti ìkejì, tí ọkọ̀ àlọ ń gbà, tí ti àbọ̀ ń gbà. Òrùka irin ńlá kan wà lọ́wọ́ mi. Awakọ̀ tí kò bá tíì gbà á lọ́wọ́ mi, bó jẹ́ gómìnà ló gbé, kò gbọdọ̀ gbéra. Àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti gba òrùka, ọ̀nà ti di tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró sínú igbó kó ní òun ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì. Ọkọ̀ tọ̀hún ò lè wá, torí òrùka ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ò lọ. Kí ló kù? Gbogbo ayé á dúró. Ráńdábáòtù náà nìyẹn. Ẹni tó ń bọ̀ níta ló ń dúró. Ẹni tó ti wà nínú ń lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.”

Ó fẹsẹ̀ lélẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo sì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dúró dè láti gbéyàwó. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, òṣómàáló ni wọ́n! Wọ́n á lóṣòó tì ọ́ títí wọ́n fi máa gba ohun tó jẹ́ tiwọn. Èwo ni ti Ìjẹ̀ṣà tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tó tún wá dúró síbẹ̀ tó ń tẹrí ba? Lọ́jọ́ tó bá gbé mi la ráńdábáòtù kọjá bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, kó wá sọ ọjọ́ ìdána fún mi. Ṣáájú ìyẹn, ẹ má dà mí láàmú.”

Tómilọ́lá fẹ́ jà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí ni bàbá rẹ̀ fi orúkọ sí yẹn.

*

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí odó fi wà láàárín àgbàlá ní Ìpetu.

“Gbọ́,” ni Tómilọ́lá wí, ó di bárò kejì mú. “Kí o tó débẹ̀, dín eré kù, kí o sì ti mọ ibi tó ò ń lọ. Bí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí kí o lọ tààrà, apá ọ̀tún ni kí o rìn. Bí o bá fẹ́ yà sósì, tàbí o fẹ́ yí padà síbi tí o ti wá, apá òsì, nítòsí odó. Ojú ẹ, apá òsì ni kó kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni àwọn tó wà nínú ti ń bọ̀ wá bá ẹ. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, dúró. Bí àyè bá ṣí, wọlé. Má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

“Tí mo bá ti wọlé ńkọ́?”

“Odó á máa wà lọ́wọ́ òsì ẹ títí o fi máa jáde. O ò gbọdọ̀ dúró kí o máa pe ẹlòmíràn wọlé. Tí o bá ti kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tìrẹ, tan iná ọ̀tún, wo dígí, wo ẹ̀gbẹ́ ẹ nítorí ọlọ́kadà, kí o jáde. Tí o bá gbàgbé tí o kọjá ọ̀nà ẹ?”

“Màá fi rìfáàsì padà?”

“Rárá! Wàá tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i. Odó ò ní bínú sí ẹ.”

Nehemiah wọ inú eérú, ó ń ti bárò lọ, ẹnu rẹ̀ ń dún bí ẹ́ńjìnnì. Ó ń lọ dáadáa títí ìyá rẹ̀ fi yọ láti ọ̀nà ìdí igi ọsàn pẹ̀lú abọ́ iṣu lórí. Nehemiah dúró.

“Nehemiah!”

“Ìyá mi ni!”

“Ìyá ò sí nínú ráńdábáòtù!”

Ìyá rẹ̀ dúró sórí ìlà eérú, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo ní kí o dúró dè mí ni? Èmi ń dúró kí o kọjá, ìwọ ń dúró kí n kọjá. Ṣé ibí la ó wà títí kòkó ó fi gbẹ? Kọjá, jàre, iṣu ń wọ̀ mí lọ́rùn!”

Ó kọjá. Ó tún yí po, ó tún yí po. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ bá yọ, ó ń lọ láìdúró, ẹ̀rín sì ń gba ẹnu ìyá náà.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́runyọmí ti oko dé, ọkùnrin gìrìpá tó gba bárò lọ́wọ́ Tómilọ́lá láìbéèrè ohunkóhun. Ó já wọ ráńdábáòtù láti ẹnu géètì bí màlúù tó já okùn. Tómilọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nehemiah rọra dín eré kù kí wọ́n má baà kọlura, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

“Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta. Èmi ni mo wà nínú.”

Ọlọ́runyọmí wò ó, ó fa bárò rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi jáde kúrò lórí eérú.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Nehemiah wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún yí lọ díẹ̀, ó wá jáde, ó gbé bárò kalẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Bùọ̀dá, ohun kan tún wà. Mo fẹ́ gbéyàwó. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbé tiyín. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n n ò lè dúró mọ́.”

Ọlọ́runyọmí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó lé àwọn adìẹ sá.

“Nehemiah! Ta ló ní kí o dúró dè mí? Ìwọ lo kọ́kọ́ mú obìnrin wálé. Èmi náà ní ẹnìkan ní Iléṣà, mo sì ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá pé kó ṣe sùúrù, kí àbúrò mi kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀!”

Ìyá wọn jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ lérán. “Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ń ṣẹ́wọ́ síra yín, tí ẹ fi ń jẹ́ kí n darúgbó láìrí ọmọ ọmọ gbé pọ̀n? Ẹ gbé odó mi wá. Iyán yìí, èmi fúnra mi ni n ó gún un, kí ó má baà jẹ́ pé orí yín ni n ó gún.”

*

Nehemiah lọ fi ọkọ̀ gidi dánra wò ní Iléṣà, ó tún lọ, ó tún lọ, Tómilọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ní ọkàn òun ti balẹ̀, Kàósárà lọ jẹ́ iṣẹ́ fún Bàbá Béjidé. Bàbá náà mú ọ̀sán ọjọ́ ọjà, nígbà tí ráńdábáòtù Òṣogbo bá gbóná jù. Ó jókòó síwájú Pijó rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Nehemiah lọ́wọ́. Tómilọ́lá àti Kàósárà wà lẹ́yìn, àdúrà sì ni Kàósárà ń gbà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Gbé mi lọ sí ráńdábáòtù tí o ti da obì nù. Nígbà tí a bá débẹ̀, yí mi po padà síbi tí a ti wá.”

Èyí tó le jù ló mú yẹn. Nehemiah dín eré kù, ó tan iná òsì, ó mú apá òsì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo òsì rẹ̀. Táńkà kan kọjá, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tẹ̀ lé e. Àyè ṣí, ó wọlé láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ti yí i dé ìdajì kí Bàbá Béjidé tó ta bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

“Dúró! Dúró! Àmúdà nìyẹn! Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní rélùwéè nìyẹn, tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn! Dúró kí n kí i!”

Tómilọ́lá rí ẹ̀yìn ọrùn Nehemiah tó le. Bó bá dúró, ó ti tán. Bí kò bá sì dúró, bàbá ló fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ yẹn.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Nehemiah wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà. “Inú ni a wà. Tí a bá jáde, màá páàkì, ẹ ó sì kí wọn dáadáa.”

Kò dúró. Ó kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tiwọn, ó tan iná ọ̀tún, ó wo dígí, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ kí ọlọ́kadà kan ré kọjá, ó rọra bọ́ sápá ọ̀tún, ó sì jáde. Ó páàkì sábẹ́ igi kan níwájú, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè sí wọn.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Àmúdà fi yọ lẹ́yìn wọn, ó páàkì, bàbá eléwú orí náà sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

“Béjidé! Mo rí ẹ, ìwọ náà rí mi, o ò sì dúró! Ṣé báyìí la ṣe ń ṣe ní rélùwéè?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣe ní rélùwéè,” ni Bàbá Béjidé dáhùn. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ka sí ẹni tó jókòó nídìí sítíárìn. “Àna mi ni kò jẹ́ kí n dúró.”

Kàósárà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Igbe ayọ̀ tó ké dẹ́rù ba àwọn tó ń kọjá lọ. Tómilọ́lá bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Títí di òní, kò tíì mọ̀ bóyá bàbá òun gbàgbé òfin ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, àbí ó mọ̀ pé Àmúdà yóò wà níbẹ̀. Nígbà tó bi í, ohun tó sọ kò ju pé, “Ṣé mo dà bí ẹni tó ń gbàgbé?”

Bàbá Béjidé yí sí Nehemiah. “Ìgbà wo ni àwọn ará ilé yín ń bọ̀?”

Nehemiah kò fọwọ́ họrí. “Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, sà.”

“Ta lo ti bi léèrè?”

“Mo ti sọ fún wọn, sà.”

Ní Sátidé náà, ọkọ̀ mẹ́ta ló ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá, Nehemiah níwájú, Ọlọ́runyọmí lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà tirẹ̀. Wọ́n dé ráńdábáòtù Òṣogbo, wọ́n dúró, wọ́n wọlé, wọ́n yí po, wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ṣẹ́wọ́ sẹ́nìkan. Agbọ̀n obì tuntun wà lórí itan Ìyá Nehemiah, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Bàbá Béjidé ṣí agbọ̀n náà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó yẹ obì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí táyà là. Ó mú ọ̀kan, ó bù ú jẹ, ó sì na ìyókù sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

“Gbà,” ni ó wí. “Ìwọ ló kàn.”

Nehemiah sì gbà á.